Ohun Tí Oorun Kò Lè Wò: Awọnlẹ̀ Ìjọba, Òṣìṣẹ́ Ìjẹ̀dé àti Gáréèjì Ìkòròdú

Èdè Yorùbá kò da "ó rẹ̀ mí" pọ̀ mọ́ "ó sú mi" rí. Àgbẹ̀ tí ó ti oko dé ní ìrọ̀lẹ́ yóò ní ó rẹ òun. Bí ó bá ti wẹ̀, tí ó jẹun, tí ó sì sùn, ilẹ̀ yóò mọ́, yóò tún gbé ọkọ́ lé èjìká. Ẹni tí iṣẹ́ sú kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko sùn, kí ó sì jí pẹ̀lú ìríra tí ó gbé wọ orí ibùsùn. Ní ọdún 1974, onímọ̀ nípa ìwà àti ọkàn ẹ̀dá kan tí wọ́n bí sí Jámánì, Herbert Freudenberger, kọ̀wé nípa ohun tí ó rí lára àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́ ní New York: àwọn tí ó fi ìtara bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí iṣẹ́ náà wá jó wọn bí iná ti ń jó igi di eérú. Ó fún ìṣòro náà ní orúkọ, ayé sì gbà á. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n fi ń to àìsàn lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n sì là á mọ́lẹ̀ pé kì í ṣe àìsàn, pé ohun tí ó ti ibi iṣẹ́ wá ni: okun yóò tán, iṣẹ́ yóò di ohun ìríra, ènìyàn kò sì ní gbà mọ́ pé ohun tí òun ń ṣe já mọ́ nǹkan kan. Àwọn àgbà ilẹ̀ yìí ti fi gbólóhùn kúkúrú kan sọ ọ́ tipẹ́: iṣẹ́ náà sú u.

Ní Gáréèjì Ìkòròdú, ènìyàn kò ní rìn jìnnà kí ó tó pàdé ẹni tí iṣẹ́ kan ti sú rí. Láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń gbéra lọ sí Ìjẹ̀dé, Ìgbógbó, Ìmọ́tà, Ìtòikín àti Ẹ̀pẹ́. Ibẹ̀ náà ni àwọn tí ń bọ̀ láti ọ̀nà Ṣàgámù ti ń sọ̀ kalẹ̀. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2015 ni àwọn bọ́ọ̀sì BRT sì ti ń ná ọ̀nà Mile 12 sí Ìkòròdú. Nínú àwọn awakọ̀ danfó, àwọn oníkẹ̀kẹ́ Márúwá, àwọn tí ń ta ṣájà àti páàdì ìbora fóònù lábẹ́ agboòrùn, àti àwọn tí ń fi àga àti kánópì háyà, a máa ń rí ẹni tí ó fi ogún ọdún di irinṣẹ́ mú nídìí ẹ̀rọ ńlá kan. Bí èrò ọkọ̀ bá gbọ́, wọn a mi orí: "Ó mà ṣe o, ẹnjiníà ni bàbá yìí tẹ́lẹ̀." Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹni tí ó fi iṣẹ́ ẹ̀rọ sílẹ̀ ní agbedeméjì ayé rẹ̀ ti ṣubú, àti pé ìdí ọkọ̀ ni ibi tí ó ṣubú sí. Ìtàn Èkó kò fi gbogbo ara gbe ìkáàánú yẹn lẹ́yìn.

Ìkòròdú fúnra rẹ̀ ti rí ìyípadà iṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ohun tí a ń pè ní gáréèjì. Orí omi ni ọrọ̀ rẹ̀ ti wá. Àwọn aláàárù ń ru ẹrù láti ilẹ̀ Rẹ́mọ wá sí etí ọ̀sà, àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi a sì gbà á lọ sí Èkó. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ẹ̀pẹ́ ṣe jẹ́ èbúté fún àwọn Ìjẹ̀bú. Ìlú tí ó bá di irú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀ mú kì í ṣe ìlú tí a lè fojú fò dá. Èyí wà lára ìdí tí àwọn Ẹ̀gbá fi dó ti Ìkòròdú, tí Glover tí ń ṣàkóso Èkó sì fi kó ọmọ ogun wá ní ọdún 1865 láti tú ìdótì náà ká. Nígbà tí reluwé gba Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, tí ọkọ̀ akẹ́rù sì tẹ̀ lé e, ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lórí àwọn aláàárù. Wọ́n wá iṣẹ́ mìíràn ṣe, kò sì sí ẹni tí ó kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ẹni tí ìwé rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ dòní, tí a fi lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, wà ní òdìkejì ọ̀sà náà. Ó ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba.

Herbert Macaulay ni orúkọ rẹ̀. Òṣèlú ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí, àwòrán rẹ̀ sì wà lórí owó náírà kan tí ìjọba tẹ̀ jáde ní ọdún 1979. Àwọn tí ó ná owó náà kò fi bẹ́ẹ̀ rántí pé oníṣẹ́ ẹ̀rọ ni ọkùnrin onírunmú ńlá yẹn kí ó tó di ohunkóhun. Wọ́n bí i ní Èkó ní ọjọ́ 14, oṣù Kọkànlá, ọdún 1864. Bàbá rẹ̀, Thomas Babington Macaulay, ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ CMS Grammar School sílẹ̀ ní ọdún 1859. Ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther. Ní ọdún 1881, ó wọ iṣẹ́ ìjọba gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ní ẹ̀ka iṣẹ́ òde. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ bí a ṣe ń ya àwòrán ilẹ̀, tí ìwé ẹ̀bùn ilẹ̀ ti ìjọba sì ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ní ọdún 1890, ìjọba rán an lọ sí Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó fi ọdún mẹ́ta kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, ó sì padà dé ní ọdún 1893 láti di awọnlẹ̀ fún ilẹ̀ ìjọba ní Èkó.

Ẹni tí ó bá mọ Èkó ìgbà náà yóò mọ ohun tí iṣẹ́ yẹn jẹ́: ẹrẹ̀, ẹ̀fọn, oòrùn, àti ẹ̀wọ̀n irin tí wọ́n ń fà láti òpó dé òpó, kí a tó wá jókòó ti tábìlì láti sọ gbogbo rẹ̀ di ìlà lórí bébà. Kò sí àmì pé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni ó lé e. Ọkùnrin náà fẹ́ràn ìwọ̀n àti ìlà títí ó fi kú. Ohun tí ó yí iṣẹ́ náà ká ni ó sú u. Owó tí wọ́n ń san fún un kò tó èyí tí àwọn òyìnbó tí ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà ń gbà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìrètí pé yóò gòkè dé ibi tí wọ́n dé, bí ó ti wù kí ó mọ̀ ọ́n ṣe tó. Yàtọ̀ sí èyí, ìlà tí ó ń fà lórí bébà ni ìjọba fi ń mọ ibi tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ àwọn ìdílé tí ó ni Èkó. Awọnlẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ ìlú ń rí ohun tí ọ̀gá rẹ̀ kò rí, tàbí tí ọ̀gá rẹ̀ kò fẹ́ rí.

Ní ọdún 1898, ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kò tíì pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ọjọ́ orí tí ó ti kọjá àárọ̀ ayé ní àsìkò tí ibà ń pa ènìyàn bí ẹni ń já ewé. Ó gba ìwé àṣẹ gẹ́gẹ́ bí awọnlẹ̀ aládàáni, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán ilé fún àwọn ọlọ́lá Èkó. Ilé Henry Carr ní Tinubu wà lára àwọn tí ó yàwòrán rẹ̀. Henry Carr yìí kan náà ni ó wá di ọ̀kan nínú àwọn alátakò rẹ̀ tí ó le jù lọ nínú òṣèlú. Èkó kéré nígbà náà; ẹni tí ó yàwòrán ilé rẹ fún ọ lè di ẹni tí yóò máa bú ọ nínú ìwé ìròyìn.

Kò yẹ kí a sọ ìtàn yìí bí ẹni pé ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lónìí, ó sì là lọ́la. Owó máa ń wọ́n ọn. Ní ọdún 1913, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi lórí owó ogún kan tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀, wọ́n sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ sọ pé ọ̀tá ni ó ṣe é. Àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ kò dákẹ́ lórí rẹ̀ títí ó fi kú. Èyí tí kò ṣeé jiyàn lé lórí ni pé ìdájọ́ yẹn àti èkejì tí ó tẹ̀ lé e ní ọdún 1928 ti ilẹ̀kùn ìdìbò mọ́ ọn lójú: kò lè dupò fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá wo ayé rẹ̀ ní ọdún 1915 kò ní pè é ní aṣíwájú. Yóò pè é ní ẹnjiníà tí ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, tí ọ̀nà sì wọ́ mọ́ lọ́wọ́. Ká ní gáréèjì wà nígbà náà ni, àwọn èrò ọkọ̀ ì bá ti mi orí sí i.

Ilẹ̀ Àpápá ni ó yí ọ̀rọ̀ padà. Ìjọba gba ilẹ̀ ńlá kan níbẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú ní ọdún 1913. Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, béèrè owó gbà-má-bìínú lórúkọ ìdílé rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní Nàìjíríà sọ pé kì í ṣe onílẹ̀ ní tòótọ́, pé àṣẹ lórí ilẹ̀ nìkan ni ó ní, nítorí náà owó tí ó tọ́ sí i kò pọ̀. Ẹjọ́ náà lọ sí Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, Macaulay sì bá olóyè náà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ ní ọdún 1920 gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1921, ìgbìmọ̀ náà dájọ́ pé ilẹ̀ jẹ́ ti ìdílé àti ti ìlú ní kíkún, àti pé kí wọ́n san owó rẹ̀ bí ẹni ń sanwó fún onílẹ̀. Pọ́n-ùn 22,500 ni ìjọba san níkẹyìn. Títí di òní, àwọn agbẹjọ́rò ṣì ń tọ́ka sí ìdájọ́ yẹn nílé ẹjọ́ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìdílé bá dé, kì í sì í ṣe ní Nàìjíríà nìkan.

Kí ni Macaulay gbé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù? Gèésì dùn lẹ́nu rẹ̀, òótọ́ ni, ọmọ ìdílé ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n gbọ́ Gèésì pọ̀ ní Èkó, agbẹjọ́rò pàápàá kò wọ́n. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ni ìmọ̀ ẹni tí ó ti fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà, tí ó mọ bí ìjọba ṣe ń kọ ìwé ẹ̀bùn ilẹ̀ àti ohun tí ó fara pa mọ́ sínú ìlà tí ó wà lórí máàpù. Ìmọ̀ tí ìjọba fi owó ìjọba kọ́ ọ ní Plymouth ni ó gbé padà lọ bá wọn. Iṣẹ́ ni ó fi sílẹ̀ ní ọdún 1898. Ìmọ̀ ibẹ̀ kò fi í sílẹ̀.

Ìyókù ni gbogbo ènìyàn mọ̀: ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP ní ọdún 1923, nígbà tí ó ti pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, ìwé ìròyìn Lagos Daily News, ìjà lórí Ẹlẹ́kọ̀ Èṣùgbàyí tí ìjọba lé lọ sí Ọ̀yọ́ ní ọdún 1925 tí ó sì padà dé ní 1931, ẹgbẹ́ NCNC ní 1944, ikú ní ọjọ́ 7, oṣù Karùn-ún, ọdún 1946. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka ọdún tí ó wà láàrin ìgbà tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ àti ìgbà tí ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni. Ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù, tí ó ní ìwé àṣẹ, tí ó ní ilé, tí gbogbo Èkó sì mọ orúkọ rẹ̀, gba ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kí ó tó rí ẹsẹ̀ fìdí múlẹ̀ nínú iṣẹ́ kejì.

Amos Tutuola kò ní orúkọ ìdílé tí ó lè gbé e dúró. Wọ́n bí i ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1920, ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ bàbà, ó sì ṣe é fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Nígbà tí ogun parí, kò rí owó tí yóò fi dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ni ó rí, níbi tí ó ti ń jókòó fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìsí ohun tí wọ́n fẹ́ kí ó ṣe. Ìjókòó lásán náà sú u, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn sórí bébà. Ilé iṣẹ́ Faber and Faber tẹ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1952, òkìkí rẹ̀ sì kàn dé ibi tí kò mọ̀. Lẹ́yìn òkìkí náà, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ olùtọ́jú ẹrù ní ilé iṣẹ́ rédíò ní Ìbàdàn. Ìwé kò bọ́ ìdílé.

Bí a bá wá padà sí Gáréèjì Ìkòròdú, tí a wọ ọkọ̀ Ìjẹ̀dé, a ó dé tòsí ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Egbin létí ọ̀sà. Láàrin ọdún 1985 sí 1987 ni wọ́n ṣí i: ẹ̀rọ mẹ́fà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè pèsè mẹgawáàtì 220, àpapọ̀ 1,320. Gáàsì ni ó ń se omi di ooru, ooru náà ni ó ń yí tọ́báìnì, omi ọ̀sà sì ni wọ́n fi ń tu ú. Iṣẹ́ náà kò mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán. Àwọn òṣìṣẹ́ ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ń tẹjú mọ́ àǹkọọ́ ìwọ̀n ooru àti ìwọ̀n agbára, wọ́n ń tẹ́tí sí ìró irin. Bí gáàsì bá dínkù, tàbí tí òpó wáyà àpapọ̀ orílẹ̀-èdè bá ṣubú, ẹ̀rọ yóò kú. A kò sì lè tan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bí ẹni ń tan jẹnẹrétọ̀ ilé. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń mú irin rẹ̀ gbóná, kí ó má baà sán. Ẹni tí ó bá fi wákàtí gbọọrọ mú un padà sípò lè dé ilé kí ó bá ìyàwó àti ọmọ nínú òkùnkùn, kí aládùúgbò sì máa bú u bí ẹni pé apò rẹ̀ ni ó kó iná sí.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti bá ti àwọn àgbà mu. Kì í ṣe wákàtí iṣẹ́ nìkan ni ó ń jẹ irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ṣe é bí ó ti yẹ, kò sì rí èso rẹ̀ lójú ẹnikẹ́ni. Gáàsì kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀, òpó wáyà kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀, owó tí ará ìlú kọ̀ láti san kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀. Èébú nìkan ni ó ń délé rẹ̀. NEPA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1972 di ohun yẹ̀yẹ́ lẹ́nu àwọn ọmọdé, ẹni tí ó bá sì wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ gba àdúgbò kọjá mọ irú ojú tí wọn yóò fi wò ó.

Ní ọdún 2005, NEPA di PHCN, wọ́n sì pín in sí ilé iṣẹ́ méjìdínlógún láti lè tà wọ́n. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2013, ìjọba àpapọ̀ fa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn lé àwọn aládàáni lọ́wọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ó lé ní 40,000 ni ìjọba gbà láti san owó ìdágbére fún kárí orílẹ̀-èdè. Àwọn kan padà síbi iṣẹ́ wọn lábẹ́ ọ̀gá tuntun. Ọ̀pọ̀ kò padà. Àwọn kan sunkún. Àwọn kan sì wà tí iṣẹ́ ti sú wọn tipẹ́, tí wọn kò ní ìgboyà Macaulay láti kọ̀wé fi í sílẹ̀ nítorí owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ. Ẹni bẹ́ẹ̀ rí owó ìdágbére bí ilẹ̀kùn tí ẹlòmíràn bá a ṣí. Bí àwọn méjèèjì bá jókòó sídìí ọkọ̀ danfó lónìí, èrò ọkọ̀ kò lè mọ èyí tí wọ́n tì jáde yàtọ̀ sí èyí tí ó yọ̀ jáde. Ìkáàánú kan náà ni wọn yóò ṣe fún àwọn méjèèjì.

Ìkáàánú náà kò sì jẹ́ kí wọ́n rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìmọ̀. Ẹni tí ó ti fi ogún ọdún gbọ́ bí bíárìn tọ́báìnì ṣe ń ké kí ó tó bàjẹ́ yóò gbọ́ ti ọkọ̀ rẹ̀ kí ó tó dá a dúró sí Itamaga. Èyí tí ó tún hàn jù ni ti àwọn tí ń so sólà àti ìnfátà mọ́ òrùlé. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí owó iná fún àwọn tí wọ́n tò sí ìsọ̀rí kìíní sì fò sókè di ₦225 lórí ìwọ̀n kan ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àwọn tí ó lágbára bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò gbà wọ́n lọ́wọ́ wáyà ìjọba. Iṣẹ́ tuntun ṣí sílẹ̀ fún ọwọ́ tí ó ti mọ wáyà. Ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, níbi tí ilé tuntun ti ń yọ lójoojúmọ́, iná tí wọ́n fi ìgbà èwe wọn wá fún ìlú kan tí kò dúpẹ́ ni wọ́n ń gbé kalẹ̀ nísinsìnyí fún onílé kọ̀ọ̀kan, onílé náà sì ń dúpẹ́ ní ojú wọn.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ó bọ́ sí irú àyè bẹ́ẹ̀ ti ní owó tí wọ́n fi ra irinṣẹ́, wọ́n sì ti ní àkókò tí wọ́n fi kọ́ ohun tuntun. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 sọ pé ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó pé ẹni 50 ọdún, tí kò sì rí òmíràn láàrin oṣù mẹ́rin, lè gba ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó wà nínú àpò ìfẹ̀yìntì rẹ̀, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tí ó kọ òfin náà ń ro ti ogbó ẹni náà, èyí kò burú. Wọn kò ro ti ẹni tí kò wá irú iṣẹ́ kan náà mọ́, tí ó fẹ́ fi ọdún méjì kọ́ òmíràn. Bí ẹni bẹ́ẹ̀ bá jáde ní ẹni ọdún 43, ìdá 75 tí ó kù yóò dúró de ọdún méje. Láàrin ọdún méje yẹn ni àkọ́bí rẹ̀ yóò wọ yunifásítì, tí onílé yóò fi owó ilé kún un lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán, tí ìdá 25 náà yóò sì ti di danfó àlòkù kan tí ó ń béèrè fún ẹ́ńjìnnì mìíràn.